Àárọ̀ Tí Màmá Mi Ò Dúpẹ́

Ọ̀rọ̀ kan náà ni màmá mi máa ń tẹ̀ ránṣẹ́ sí mi láràárọ̀ láti Ìgèdè: "A jí ire. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Iṣẹ́ ọ́fíìsì l'Ádó kì í jẹ́ kí n ráyè, nítorí náà mo kọ́ fóònù mi ní ọgbọ́n kan. Yóò máa fi ọ̀rọ̀ tòní wé tàná. Bí méjèèjì bá dọ́gba, kó dákẹ́. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yàtọ̀, kó dún. Mo tilẹ̀ ń fi ọgbọ́n yìí yangàn láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ mi.

Ó dákẹ́ títí mo fi gbàgbé rẹ̀. Àfi àárọ̀ ọjọ́ kan tó dún. "A jí ire" nìkan ni wọ́n kọ. Wọn ò dúpẹ́! Obìnrin tó dúpẹ́ níbi ìsìnkú bàbá mi! Mo pè wọ́n, wọn ò gbé e. Mo fò lé ọ̀kadà ní àdúgbò Adébáyọ̀ l'Ádó, mo sì ń bú ọlọ́kadà pé kò sáré tó.

Ẹ̀yìn ilé ni mo bá wọn, ara wọn le koko, wọ́n ń bu iyán sínú abọ́ méjì.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ ò dúpẹ́?"

"Mo ti dúpẹ́ tèmi. Mo kàn rí i pé bí mo bá ti kọ gbogbo rẹ̀, o kì í pè mí. Kí n tó tẹ̀ ẹ́ lónìí ni mo ti gbé iṣu tìẹ kaná. Lọ fọwọ́."