Àmín Tí Wọ́n Fi Dá Mi Lóhùn

Lọ́dọọdún ni àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Mowe máa ń ṣe ìdíje àríyànjiyàn. Lọ́dún tí mo jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, ìbéèrè tí wọ́n gbé kalẹ̀ ni pé, ǹjẹ́ ẹ̀rọ lè gbọ́n ju èèyàn lọ? Èmi ni mo ní ó lè gbọ́n jù wá. Kì í ṣe ife ẹ̀yẹ ni mo ń lé o. Yunifásítì ti gbà mí sí ọgbà wọn ní Ibogun láti kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n òfin ni ìyá mi fẹ́ kí n kà. Ó ní òun á wá gbọ́ mi ná, kí òun tó mọ èsì tí òun máa fún mi.

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣiṣẹ́ báńkì l'Ékòó ni alátakò mi, ẹni tó rò pé téèyàn bá ti so táì, ọgbọ́n dé nìyẹn. Ó kí alága, ó kí àwọn adájọ́, ó kí ẹni tó ń ṣọ́ aago, títí ìdajì àkókò rẹ̀ fi lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ìkíni! Ó wá ní ohun tí èèyàn fọwọ́ ṣe ò lè gbọ́n ju èèyàn. Mo bi í pé ṣé ọmọ ò lè gbọ́n ju ẹni tó bí i ni? Ó ní tí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́? Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Mo ní ohun tó bá gbọ́n jù wọ́n lọ á ti wá jẹnẹrétọ̀ kí iná tó lọ. Ó ní ẹ̀rọ ò lẹ́mìí. Mo ní ẹ̀rọ ìṣirò tó wà lórí tábìlì rẹ̀ ní báńkì náà ò lẹ́mìí, ó sì mọ ìṣirò jù ú lọ.

Ló bá gbọ́wọ́ sókè, ó ké pé, "Ẹ̀rọ kankan ò ní gbọ́n ju èmi àti ìdílé mi lọ, lórúkọ Jésù!"

"Àmín!" Gbogbo ilé dìde, àtàwọn adájọ́. Báwo lèèyàn ṣe ń fèsì sí àmín? Tí mo bá lanu, Ọlọ́run ni wọ́n á ní mo ń bá jà. Wọ́n gbé ife fún òpè. Nínú gbogbo ariwo yẹn, ohùn ìyá mi ló lọ sókè jù. Inú bí mi débi pé mi ò dúró gba ìpápánu.

Bá a ṣe ń rìn lọ sílé, mo ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin náà lẹ ń ṣàmín sí játijàti yẹn?"

"Àwọn yẹn ń ṣeré ni," ló fèsì. "Wọn ò gba ohun tó o sọ gbọ́. Èmi gbà á gbọ́. Ẹ̀rù ló bà mí tí mo fi ṣàmín. Nǹkan tó máa gbọ́n ju gbogbo wa lọ, kì í ṣe ọmọ tèmi ni wọ́n máa bá níbi tí wọ́n ti ń ṣe é."

Nínú gbogbo ìjọ yẹn, ẹnì kan ṣoṣo lọ̀rọ̀ mi wọ̀ lára. Òfin ni mo kà.