Ìyẹ̀fun Màmá Lójú Ọ̀nà Bìní

Láyé ológun ni, ọdún díẹ̀ ṣáájú kí àwọn alágbádá tó padà dé ní 1999. Èmi ni ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ọ̀wọ̀. Iná àti omi la ń béèrè fún yàrá ìwádìí wa. Orí pátákó la ti mọ gbogbo ẹ̀rọ. Mo lè ya àwòrán wọn, n kò fọwọ́ kan ọ̀kan rí. A wá dí ọ̀nà Bìní láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo ti fẹnu ara mi sọ pé ọkọ̀ kankan ò ní kọjá, ì báà jẹ́ ti gómìnà.

Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni Ìyáàfin Adétulà, olùkọ́ wa nínú kẹ́mísírì tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, nínú ọkọ̀ ìjàpá rẹ̀.

“Ẹ ṣínà fún mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tó ń wọ bàálù ní Bìní lọ́sàn-án yìí ló máa bá mi gbé èyí lọ.” Ó fi ìgò kékeré kan hàn wá. Ìyẹ̀fun funfun ló wà nínú rẹ̀.

“Kí ni, Mà?”

“Amínò ásíìdì ni. Irú rẹ̀ ló so kọ́ra di ẹran ara tìrẹ yẹn. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan lókè òkun tí wọ́n ń pè ní NMR, tí kò béèrè kí a po ìyẹ̀fun mọ́ omi. Bó ṣe gbẹ yìí ni wọ́n á kó o sínú mágínẹ́ẹ̀tì ńlá, wọ́n á gbé e fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á máa yí i bí òkòtó, ẹ̀rọ á sì sọ bí àwọn átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ ṣe tò síra wọn. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ nìkan ni wọ́n fún mi. Bí ọ̀sẹ̀ náà bá bọ́, iṣẹ́ ọdún méjì wọgbó.”

“Mà, bí a bá ṣí i fún yín, a ti ṣí i fún gbogbo ayé nìyẹn.”

Ó fi èdè Ọ̀wọ̀ rọ̀jò èébú lé mi lórí. Ó dùn mí, nítorí mo fẹ́ràn obìnrin náà.

Fúnmiláyọ̀, akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, fà mí sẹ́yìn. “Kọ́mrédì, kí là ń jà fún gan-an?”

“Yàrá ìwádìí.”

“Ìwádìí ló wà nínú ìgò yẹn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.”

Mo ní kí wọ́n ṣínà.

Nígbà ìjà, ewé tútù ni pásì. Ọkọ̀ tí kò bá ní in lára, yóò padà ni. Àwọn ọmọ fi ewé wé ọkọ̀ ìjàpá náà látòkè délẹ̀. Ọ̀kan tí ayọ̀ ti ń pa bí ọtí gba ìgò, ó ń ṣí i lọ, ó fẹ́ ki ewé olómi ìrì bọ̀ ọ́, kí ìyẹ̀fun náà lè di kọ́mrédì.

“Omi ni yóò bà á jẹ́!” Màmá já a gbà. Ó wò wá, ó bú sẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó mú ewé kan, ó fi etí ìró nù ún gbẹ, ó so ó mọ́ ọrùn ìgò.

A sáré ṣáájú rẹ̀ pẹ̀lú orin, à ń wọ́ táyà kúrò lọ́nà, títí ó fi dojú kọ Ifọ́n. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí wọ́n dìbò yàn mí lọ.

Àwọn aláṣẹ ti ilé-ẹ̀kọ́ pa, wọ́n sì lé èmi àti Fúnmiláyọ̀ lọ sílé fún ọdún kan. Ìyẹn la pàdánù. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi padà, iná ti wọ yàrá ìwádìí, èsì náà sì ti dé: ìlà kan tó yọ ṣóńṣó sókè lẹ́ẹ̀mejì péré lórí bébà. Màmá ń fìka tọ́ ọ bí ẹni ń fi ọmọ tuntun hàn, “Átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù kan nìyí. Èkejì rẹ̀ nìyí.” Gbogbo wa pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀rọ NMR náà fúnra rẹ̀ ni ìjọba ò tíì rà fún wa. Títí dòní, ìyẹ̀fun wa ṣì ń wọ bàálù kí a tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ òde òní, èmi ti darúgbó. Ẹ lọ jà fún ẹ̀rọ náà, kí ẹ gbà á.