Bàbá Dán-an-wò àti Tábìlì Àdúróṣiṣẹ́

Kò sí ẹni tó mọ Bàbá Dán-an-wò tí kò mọ ìtàn ọjọ́ tí wọ́n kó iṣẹ́ wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù àga àti tábìlì. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni Bàbá ń ṣe. Nílé ni wọ́n ti máa ń túmọ̀ ìwé láti èdè kan sí òmíràn. Lọ́jọ́ náà, wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìwé atúmọ̀ èdè gbàǹgbà lábíyá, fúláàsì tíì lọ́wọ́, sálúbàtà ilé lẹ́sẹ̀. Ọmọ wọn obìnrin, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ayàwòrán nítorí pé àwòrán inú ìwé ọmọdé ló ń yà, ń tẹ̀ lé wọn bí ẹni tí wọ́n ń mú lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

"Bàbá, tábìlì la kàn wá rà o."

"Ta ló ní a ò ní rà á? Jẹ́ n dán an wò ná."

Wọ́n to ìwé wọn sórí tábìlì àdúróṣiṣẹ́ kan, ìyẹn tábìlì gíga téèyàn ń dúró nídìí ẹ̀ kọ̀wé, ni iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù ò mọ èyí tí ì bá ṣe. Àgbàlagbà wà lórí ìdúró, ojú wo lòun fẹ́ fi jókòó? Òun náà dúró, tòun ti bàtà gogoro ẹsẹ̀ rẹ̀. Oníbàárà tó bá wọlé tó fìdí kan àga, bó bá ti rí Bàbá báyìí, á dìde fùú. Ṣọ́ọ̀bù tó kún fún àga, kò sẹ́ni tó rójú jókòó níbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

"Bàbá, ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn?" Obìnrin náà ti bọ́ bàtà sọ́wọ́.

Bàbá pa ìwé dé. "Ó dáa gan-an ni. Àmọ́ mi ò tíì mọ bó ṣe máa ń rí lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀."

Bí wọ́n ṣe rí nìyẹn. Ká má tiẹ̀ sọ ti bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí bẹ́ẹ̀dì wọn kán, wọ́n lọ nà gbalaja sórí tuntun kan níbi tí wọ́n ti ń tà á, ni oorun bá gbé wọn lọ. Tọkọtaya kan wọlé, wọ́n wo bí oorun náà ṣe dùn tó, wọ́n sì sanwó bẹ́ẹ̀dì lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n jí Bàbá pé kí wọ́n dìde, inú bí wọn. "Kí lẹ rí tẹ́ ẹ fi ń rà á? Èmi tí mo wà lórí ẹ̀ gan-an, mi ò tíì sọ pé ó dáa!"

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tábìlì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín fún Ayàwòrán. Ẹ̀yìn ló ń dun Bàbá, dókítà ò sì fi bò. "Bàbá, bí ẹ bá ń jókòó láti àárọ̀ dalẹ́ báyìí, ọjọ́ kan ń bọ̀ tẹ́ ẹ máa fẹ́ dìde, tí ẹsẹ̀ ò ní gbà."

"Kí n fiṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn?"

"Rárá. Kẹ́ ẹ máa dúró ṣe é."

Láti ìgbà tí ìyá Ayàwòrán ti kú, iṣẹ́ yìí ló ń jí Bàbá láràárọ̀. Bí ẹ̀yìn bá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, kí ló kù tí wọ́n máa jí fún? Ohun tó ń ba Ayàwòrán lẹ́rù nìyẹn, kò sì lè sọ ọ́ jáde.

Bàbá ò kọ̀ láti dúró. Kí wọ́n yan tábìlì ni wàhálà. Wọ́n dán pátákó ìlọṣọ wò: ó mì, tíì sì dà sórí aṣọ funfun Ayàwòrán. Wọ́n dán orí fìríìjì wò. Ìyẹn ò mì, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ mu omi tútù gbọ́dọ̀ dúró kí Bàbá kọ gbólóhùn ọwọ́ wọn tán. Gbólóhùn Bàbá sì máa ń gùn.

Ayàwòrán pe káfíńtà. Ó wá láàárọ̀, ó wọn Bàbá láti ilẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ó sì gbé tábìlì dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì.

"Ó ga jù," ni Bàbá wí. "Àárọ̀ lo wọ̀n mí. Èèyàn máa ń kúrú tó bá dìrọ̀lẹ́."

Káfíńtà gé ẹsẹ̀ tábìlì díẹ̀. Nígbà tó di àárọ̀, wọ́n tún ránṣẹ́ pè é.

"Ó ti kúrú jù báyìí."

Káfíńtà gbé ayùn rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. "Bàbá, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ ṣì ń dàgbà ni?"

Bàbá rò ó wò dáadáa. "Ó ṣeé ṣe."

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Ayàwòrán bá Bàbá tí wọ́n di apá àga mú, tí òógùn bò wọ́n, tí wọn ò lè dìde. Ó fà wọ́n sókè, ó sì fi òróró pa wọ́n lẹ́yìn. Nígbà tó ṣe, ó wọ bàtà.

"Níbo lò ń lọ?" ni Bàbá béèrè.

"Ibi tí sùúrù mi parí sí!"

Ṣọ́ọ̀bù ló gbà lọ. Ó sanwó tábìlì àdúróṣiṣẹ́ kan tó ní irin téèyàn ń yí láti gbé e ga tàbí láti rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ó sì bá obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé e délé, Bàbá fajú ro.

"O ti rà á? Láìdán an wò?"

"Mi ò rà á o, Bàbá. Wọ́n ní kẹ́ ẹ máa dán an wò nílé."

"Títí dìgbà wo?"

"Títí tẹ́ ẹ máa fi mọ̀ bóyá ó dáa."

Ojú Bàbá tàn yẹ́ẹ́. "Àwọn yìí mọ ọjà á tà!"

Láti ọjọ́ náà, Bàbá ń dúró ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn fi wọ́n sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí oṣù bá ti parí, wọ́n á pe ṣọ́ọ̀bù lórí fóònù, wọ́n á jábọ̀.

"Ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú ń mì díẹ̀, mo ti fi bébà há a. Ẹ má bínú pé mo ṣì ń dá a dúró lọ́wọ́ yín o."

"Kò sí wàhálà, Bàbá. Ẹ ṣáà máa dán an wò."

Àlejò tó bá fẹ́ gbé ife sórí ẹ̀, Bàbá á pariwo pé, "Gbé e kúrò, ohun olóhun ni!" Ayàwòrán tó fowó ara rẹ̀ rà á, kò gbọdọ̀ gbé ife lé e. Á wo òkè, á wo ilẹ̀, á gbé ife rẹ̀ lọ sí kíṣíìnì.

Ọdún ń gorí ọdún, Bàbá ò sì tíì mọ̀ bóyá tábìlì náà dáa. Ìdí tábìlì náà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ títí di ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ rọrí.

Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù wá kí Ayàwòrán kú ará-fẹ́-ra-kù. Ó dúró wo tábìlì náà fún ìgbà díẹ̀.

"Àǹtí, Bàbá pè mí kí wọ́n tó lọ."

"Kí ni wọ́n ló tún ń ṣe é?"

"Wọn ò sọ ti tábìlì. Wọ́n ní báwọn ò bá sí mọ́, ká jọ̀ọ́ ká má wá gbé e. Wọ́n ní ọmọ àwọn máa ń jókòó yàwòrán jù, ẹ̀yìn á máa dùn ún, kò sì ní sọ fún ẹnì kankan. Ká jọ̀ọ́ ká jẹ́ kóun náà dán an wò."

Ayàwòrán bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gùn, ó gùn, títí tó fi ń fi etí aṣọ nujú. Ó mú irin náà, ó yí i títí tábìlì fi wálẹ̀ bá ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó tẹ́ bébà sí i, ó to àwọn búrọ́ọ̀ṣì ìyàwòrán rẹ̀ lé e, ó sì dúró.

"Ta ni mo máa wá máa jábọ̀ fún báyìí?"

"Èmi náà ni, àǹtí. Bóṣù bá ti parí, ẹ pè mí o. Ó ti mọ́ mi lára."