Bátìrì Kẹta

Ẹ̀rọ agékoríko tí ìjọ wa ní Ṣakí ń lò kì í mu epo. Bátìrì mẹ́rin ló wà lábẹ́ ìjókòó rẹ̀, a so wọ́n mọ́ra tẹ̀léra, ẹni tó bá ń gé koríko á jókòó lé wọn lórí, á sì máa wà á lọ bí ẹni wa ọkọ̀. Tòkunbọ̀ ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ti yẹ kí àgbàlagbà fẹ́ràn ẹ̀rọ lọ. Olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, kò sí ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ iná. Rédíò tó bàjẹ́ àti invẹ́tà tó jóná ni mo ń tú títí mo fi mọ ìwọ̀nba tí mo mọ̀.

Baba kan ló ń wa ẹ̀rọ náà. Ọ̀kadà gbá a lójú ọ̀nà Ìgbòho nígbà kan, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún kò sì ká mọ́. Kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó fi àdá ṣán koríko, ṣùgbọ́n ó lè jókòó. Nítorí iṣẹ́ yìí ni ìjọ ṣe fún un ní yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ògiri yàrá náà ni à ń gbé ẹ̀rọ tì. Inú yàrá yẹn ni ìyàwó rẹ̀ kú sí. Ìpẹ̀kun pápá ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí ìjọ ń sin òkú sí, la sin ín.

Nígbà tí Ìkórè ku ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀rọ náà kò lágbára mọ́. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ó ń lọ. Bó bá dé ibi tí pápá ti gòkè díẹ̀ lápá ibojì, á kérora, á dúró. Àwọn alàgbà ìjọ pe baba. Wọ́n ní bí kò bá lè gé pápá ṣáájú Ìkórè, àwọn á pe àwọn tó ń fín oògùn apakoríko, kí baba sì padà sí Tẹ̀dé, ìlú rẹ̀, lọ sinmi. Wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó fi ọ̀pá tẹlẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì mi.

“Ẹnjiníà tí kò lọ iléèwé,” bó ti máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn, “wá bá mi wò ó. Mi ò fẹ́ fi obìnrin yẹn sílẹ̀ níbẹ̀ lóun nìkan.”

Sátidé ni mo lọ. Mọ́tọ̀ tó ń yí táyà ni gbogbo èèyàn di ẹ̀bi rù, nítorí náà ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Kábọ̀n rẹ̀, àwọn nǹkan dúdú kékeré méjì tó ń gbé iná wọ inú rẹ̀, ṣì gùn dáadáa. Mo gé koríko eruwà tó ti lọ́ mọ́ ìdí táyà ẹ̀yìn, mo fọwọ́ yí táyà, kò há. Mo fọwọ́ kan gbogbo ojú ibi tí wáyà ti so, kò síbi tó gbóná. Mo wá gbé mítà tí mo fi ń wọn iná jáde. Láìṣiṣẹ́, bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún mi ní àádọ́ta fólìtì, ó dára. Mo ní kí baba fi imú ẹ̀rọ ti ògiri, kó sì tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré, nítorí bó bá pẹ́, mọ́tọ̀ á jóná. Àádọ́ta já sí ogójì. Mo wọn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkíní, ìkejì àti ìkẹrin dúró lórí mọ́kànlá ààbọ̀. Ìkẹta wálẹ̀ sí márùn-ún.

Inú mi dùn. Ó yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn pé mo rí i.

Lẹ́yìn náà ni mo rí ojú eyín kílíìpù wáyà tó ha orí bátìrì kẹta náà, lápá pupa àti lápá dúdú. Mo wo ògiri. Wáyà méjì ṣì wà nínú ihò tí èmi fúnra mi lu, wọ́n wọ yàrá baba lọ.

Èmi ni mo fà wọ́n. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ń ṣàìsàn, tí kò sí iná, tí ooru ń mú kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, mo so fáànù kékeré mọ́ bátìrì tó sún mọ́ ògiri jù. Mo tiẹ̀ ṣàlàyé bí ọ̀mọ̀wé pé ọ̀kan ṣoṣo ni kí wọ́n máa lò, kí mẹ́ta yòókù lè sinmi. Òdì ọ̀rọ̀ ni. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló jọ ń fa ẹ̀rọ. Agbára èyí tó tún ń gbé fáànù á tètè tán, ṣájà tó ń fi iná kún wọn pọ̀ kò sì mọ̀ pé ọ̀kan ò tíì yó. Ó pẹ́ kí n tó kọ́ ìyẹn. Nígbà tí mo kọ́ ọ, mo rò pé wọ́n ti tú wáyà náà lẹ́yìn ìsìnkú.

Mo bi í bóyá ó ṣì ń lo fáànù.

“Ojoojúmọ́,” ó ní. “Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀ náà ló wà. Ìwọ lo sọ pé kò ní pa ẹ̀rọ lára.”

Mo sọ fún un pé mo ṣì í sọ ni. Ó mi orí, ó ń wo mítà lọ́wọ́ mi bí ẹni pé ó tún lè sọ nǹkan mìíràn.

Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn alàgbà, mo ní ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe tirẹ̀. Wọ́n dúpẹ́ pé mo sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n ìpinnu wọn kò yí padà. Mo tú bátìrì kan lára invẹ́tà ilé mi, mo fi rọ́pò ìkẹta, mo sì kìlọ̀ fún baba pé bátìrì tuntun láàárín àwọn tó ti gbó kì í pẹ́. Ó gé pápá mọ́ kí Ìkórè tó dé. Ó rọra yí ibojì ìyàwó rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀mẹta, níbi tí ẹ̀ẹ̀kan ì bá ti tó.

Nígbà ọyẹ́, ẹ̀rọ náà dúró sójú kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn mẹ́ta yòókù ló kú. Omi inú wọn ti gbẹ láti ìgbà tí ṣájà ti ń rọ́ iná sí wọn lára nítorí ìkẹta tí kì í yó.

Lọ́jọ́ tí baba ń lọ sí Tẹ̀dé bí àwọn alàgbà ti wí, ó gbé fáànù náà sórí itan nínú ọkọ̀. Mo tú bátìrì tí mo fi síbẹ̀, mo gbé e sí ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì fi bó ti máa so ó hàn án. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

“Ṣé eléyìí ò ní pa nǹkan kan lára?” ó bi mí.

Mo ní rárá, fáànù nìkan ló máa gbé.

Àwọn tó ń fín oògùn dé lọ́sẹ̀ kejì. Koríko tó yí ibojì ìyàwó rẹ̀ ká ti pọ́n báyìí, ó dùbúlẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gé e.