Wáyà Tí Ẹ̀gbọ́n Gé

Ìyá Rédíò kì í tètè bínú. Láti ogún ọdún tó ti ń tún ẹ̀rọ ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, oníbàárà aláriwo ti wá, alágídí ti wá, kò bá ẹnì kankan fa ọ̀rọ̀ rí. Àmọ́ lọ́jọ́ tó dé yàrá olóògbé bàbá rẹ̀, tó rí ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin fi di mátíràsì, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn.

Wáyà kọ̀ǹpútà bàbá wọn ni, wáyà pẹlẹbẹ tó so kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà mọ́ àpótí tó ń ka díìsìkì. Ẹ̀gbọ́n ti gé orí méjèèjì dànù, ó fi àárín rẹ̀ ta kókó.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ṣe yìí?"

"Kí ni mo ṣe? Ṣé kí n máa wá okùn kiri ni? Kọ̀ǹpútà tó ti lé lógójì ọdún!"

"Gbogbo lẹ́tà tí Bàbá kọ sí Màmá nígbà tí Màmá ń ṣe nọ́ọ̀sì lọ́nà jíjìn, inú díìsìkì yẹn ló wà. Ẹ ò tiẹ̀ bi mí!"

"Má pariwo lé mi lórí. Ra òmíràn."

Ra òmíràn! Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju gígé lọ. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà náà ti kógbá sílé tipẹ́, ihò ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì bá orí wáyà kankan tó wà lọ́jà mu. Ó gbé gbogbo ẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n pè é títí, kò gbé e.

Ó tú kọ̀ǹpútà náà palẹ̀, ó fi mítà tí wọ́n fi ń yẹ iná wò tọpa ojú wáyà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ ọ́ sára páálí. Ó yọ wáyà pẹlẹbẹ lára ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ti kú. Ó fi ayùn rẹ́ orí wáyà gígùn kan títí tó fi wọ ihò náà, ó wá ń jó lẹ́ẹ̀dì sí i kí wáyà lè lẹ̀ mọ́ ọn, ó ń payín keke.

Fọ́tò, ayàwòrán tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, yọjú. "Ìyá Rédíò, ìbínú rẹ yìí, bí a bá gbé ìkòkò lé e, á hó."

"Ẹ kúrò níbẹ̀ kó má lọ jó yín."

Nígbà tó tan iná sí i, iná kékeré ara àpótí náà kàn ń tàn ṣáá, kò kú, àpótí náà kò sì ka nǹkan kan. Ó ti fi orí kan sódì! Kò sí ẹ̀gbọ́n tó lè dá lẹ́bi fún èyí, ìyẹn gan-an ló tún bí i nínú. Ó ju sukudirẹ́fà mọ́ ògiri, ó lọ he é, ó tú orí wáyà náà, ó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ọjọ́ kẹta, àpótí náà kùn kùrùrù. Lẹ́tà aláwọ̀ ewé yọ lójú kọ̀ǹpútà: "Olólùfẹ́ mi, ọmọ rẹ ọkùnrin lu àbúrò rẹ̀ lónìí. Mo ní kó bẹ̀ ẹ́, ó fárígá. Orí kunkun yẹn, ilé yín ló ti mú un."

Ó rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá gbé fóònù. "Ẹ máa bọ̀."

Ẹ̀gbọ́n dé, ó kà á, ó tún un kà. "Bàbá yìí náà," ló sọ, ó sì nawọ́ sí wáyà tuntun náà.

"Ẹ gbọ́wọ́ kúrò!"

Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì. "Ṣé torí wáyà náà lo ṣe ń bínú di ìsinsìnyí? Èmi ti gbàgbé."

"Ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, Ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé."

Ẹ̀gbọ́n wo ilẹ̀. "Ó dáa, má bínú."

"Mo gbọ́," ni Ìyá Rédíò wí. Kò ní ó ti tán. Ó mú díìsìkì mìíràn, ó tì í bọ inú àpótí.