Orúkọ Tí Màmá Àgbà Fẹ́ Fọwọ́ Ara Wọn Kọ

Iṣẹ́ ìkànnì ni mò ń ṣe ní Bódìjà, ẹnu mi sì mú ju ọwọ́ mi lọ. Nígbà tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bímọ, mo ṣe ìkànnì kékeré kan kí gbogbo ẹbí lè kọ orúkọ tí wọ́n fẹ́ sọ ọmọ síbẹ̀. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ ọjọ́ ìkómọ, gbogbo wọn ti kọ tiwọn, àfi màmá àgbà wa tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, wọn ò lè dé àdúgbò Challenge tí ìkómọ ti máa wáyé. Mo ní kí wọ́n pe orúkọ náà kí n bá wọn tẹ̀ ẹ́. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Ọmọ-ọmọ-ọmọ wọn àkọ́kọ́ rèé, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n máa fi kọ ọ́.

Ìka kan ni wọ́n fi ń wá lẹ́tà kiri bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n kọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n wọn ò tíì fi ránṣẹ́. Wọ́n ní a kì í fi ẹnu lásán sọ ọmọ lórúkọ, ni wọ́n bá wọ sùtánà, wọ́n gbé agogo, àdúrà bẹ̀rẹ̀. Àdúrà Aládùúrà, ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n fi máa padà, ojú ìkànnì ti ṣófo.

Sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọ̀nà jíjìn tí ìkànnì náà wà lórí rẹ̀, ló ń bá èèyàn tọ́jú ohun tó ń kọ lọ́wọ́. Èmi ni mo ní kó pa á rẹ́ bí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kàn án fún ogún ìṣẹ́jú. Mo bẹ Màmá pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, kí wọ́n wá gbàdúrà lẹ́yìn.

Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu. “Ṣé o máa ń jẹun kó o tó sè é ni?”

Ẹ̀rín pa mí. Mo wọ inú sáfà, mo sọ ogún ìṣẹ́jú di odidi ọjọ́ kan. Màmá tún kọ orúkọ náà, wọ́n tún padà sídìí àdúrà. Aago mẹ́wàá tí ìkómọ máa bẹ̀rẹ̀ lù, wọn ò tíì ṣe àmín. Àyà mi ń já pé wọ́n á ti ka orúkọ tán ní Challenge láìsí ti Màmá.

Màmá parí àdúrà níkẹyìn, orúkọ tí wọ́n kọ ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n fi ránṣẹ́. Kò pẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi pè wá lórí fídíò, gbogbo ilé kún, ọmọ wà lọ́wọ́ alàgbà ìjọ wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Màmá, a ò tíì pe orúkọ kankan o. Tiyín la jókòó dè.”

Alàgbà wá pe ti Màmá ṣáájú gbogbo orúkọ. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Màmá fi ìka wọn kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ lójú fóònù, wọ́n ń pè é, wọ́n ń tún un pè, bí ẹni pé ó máa dá wọn lóhùn.