Irọ́ Tí Mo Pa Mọ́ Orúkọ Láàyìn

Mo kéré nígbà náà, ìyá àgbà mi ló ṣì ń di irun fún mi, nígbà tí tíṣà kan dé sí ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ẹdẹ, tí ó ń sọ̀rọ̀ àwọn òrìṣà òyìnbó. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwa náà rò pé òyìnbó kò ní òrìṣà rí. Ọmọ Ẹdẹ ni ọkùnrin náà, ọmọ agboolé Mùsùlùmí àtijọ́ kan tí kò jìnnà sí tiwa, ṣùgbọ́n ó ti lọ kàwé lókè òkun, ibẹ̀ ló sì ti kó sínú ọ̀rọ̀ àwọn ará àríwá, níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀. Ó ní kí ẹ̀sìn Jésù tó dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ń bọ òrìṣà kan tí ń jẹ́ Tọ́ọ̀, tí ó ń mú òòlù lọ́wọ́ bí Ṣàngó ṣe ń mú oṣé. Orúkọ yẹn gan-an, àrá ló túmọ̀ sí. Aya rẹ̀ ń jẹ́ Sífù. Àwọn ọ̀mọ̀wé ní orúkọ Sífù fara jọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe àna, àwọn tí ìgbéyàwó so pọ̀, ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n fi sọ obìnrin náà bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n dájú.

Ìtàn kan wà tí ó fẹ́ràn láti máa sọ. Tọ́ọ̀ ń la odò ńlá kan kọjá, omi ń gbé e lọ, ó na ọwọ́, ó di igi kékeré kan mú létí odò, igi náà ni ó fi gòkè. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan wá ń rò pé Sífù aya rẹ̀ ni igi yẹn.

Tíṣà á ní, “Wọ́n ń rò ó ni o. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti kú kí ẹnikẹ́ni tó bi wọ́n. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti pa àwọn òrìṣà náà tì kí onígbàgbọ́ kan tó wá kọ ìtàn wọn sílẹ̀. Orúkọ nìkan ló kù tí à ń tú wò bí ẹni ń tú ahoro ilé.” Lẹ́yìn náà á wo ojú fèrèsé, á ní, “Àwa ṣì ní àwọn àgbà wa.”

Ìyá àgbà mi wà lára àwọn àgbà yẹn. Oníṣàngó ni. Nínú yàrá òrìṣà wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó Ṣàngó, ère obìnrin kékeré kan wà lórí ìkúnlẹ̀, epo ti sọ ọ́ di dúdú. Láàyìn, aya Ṣàngó, ni wọ́n ń pè é. N kò gbọ́ orúkọ yẹn ní ilé mìíràn rí. Ọjọ́ tí mo dárúkọ rẹ̀ ní kíláàsì, tíṣà gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀.

“Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?”

“Mi ò mọ̀, sà.”

“Bá mi bi ìyá àgbà yín.”

Kò lè wá fúnra rẹ̀. Baba rẹ̀ ṣì wà láyé, àwọn ará ilé wọn sì ti kìlọ̀ fún un pé bí ó bá fẹsẹ̀ tẹ ilé oníṣàngó, ìtìjú ni ó fẹ́ kó bá wọn.

Ẹ̀gúsí ni ìyá àgbà ń bó nígbà tí mo jíṣẹ́. Ó béèrè ọmọ ilé ta ni tíṣà náà, mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín. “Ọ̀rọ̀ yẹn gùn. Kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń fi ẹnu gbé kiri. Ní kó wá jókòó níwájú mi bí a bá ti ṣe ọdún òrìṣà tán, màá sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Kó má bẹ̀rù àwọn baba rẹ̀. Àwọn tó bí wọn ti jókòó níbí rí.”

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi nìyẹn, kò ṣòro. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tíṣà ti dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ó ti ṣí ìwé, ó mú kálàmù lọ́wọ́, gbogbo ẹgbẹ́ mi sì ń wò mí. N kò fẹ́ sọ pé kó ṣì ní sùúrù. Mo fẹ́ kí ó yìn mí.

Mo ní, “Wọ́n ní ó gba ọkọ rẹ̀ là, ọkọ rẹ̀ wá ń yìn ín. Ó là á, ó yìn ín. Òun ni Láàyìn.”

“Ó gbà á là níbo?”

“Lójú odò, sà. Omi ń gbé e lọ.”

Tíṣà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó nu ojú. Ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ sọ fún wa ni mo dá padà fún un, kò sì dá a mọ̀. Ó ní kí gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún mi. Inú mi dùn. N kò ní fi ìyẹn pa mọ́ fún yín.

Nígbà tí ọdún òrìṣà parí, ìyá àgbà wẹ̀, ó tẹ́ ẹní, ó fi orógbó sínú àwo, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀.

“Tíṣà yín dà?”

Mo ní, “Wọ́n ní ọwọ́ wọn dí.”

Ó tún jókòó lọ́jọ́ kejì, ó tún jókòó lọ́jọ́ kẹta. Nígbà tó yá ó ká ẹní náà fúnra rẹ̀, ó ní, “Bóyá àwọn baba rẹ̀ ló kọ̀ fún un.” Bí mo bá sáré dé ilé tíṣà kí n sì padà, ẹ̀gúsí tó wà lórí iná kò ní tíì jinná. Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí n lọ. Ikọ́ mú ìyá àgbà nígbà ọyẹ́ ọdún yẹn, ó sì kú kí ọyẹ́ tó kásẹ̀ nílẹ̀. Nínú gbogbo ọmọ tí ó bí, kò sí ọ̀kan tó bi í léèrè ìtumọ̀ orúkọ náà rí. Tíṣà wá kí wa. Òde ló dúró sí, ó di bàbá mi lọ́wọ́ mú, ó ní, “Mo dúpẹ́ pé mo gba díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu wọn.” Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo gbọ́ ọ.

Ó kọ ìwé. Ó fi Láàyìn àti Sífù sí ojú ewé kan náà, aya àrá níhìn-ín, aya àrá lọ́hùn-ún. Àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn rí i, wọ́n mú un lò. Èmi dàgbà, mo lọ sílé ọkọ ní Sẹ́kọ́nà, mo bímọ, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tí mo gbọ́ pé ara tíṣà kò yá, mo lọ. Ojú rẹ̀ ti fọ́. Ó dá ohùn mi mọ̀, ó di ọwọ́ mi mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ti ẹní.

Ó ní, “Wọ́n dúró dè mí?”

“Ọjọ́ mẹ́ta, sà.”

Ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀. “Kí wá ni ìtumọ̀ rẹ̀?”

“Mi ò mọ̀, sà.”

Ó yí ojú sí ògiri. Mo jókòó tì í títí wọ́n fi pe ìrun ìrọ̀lẹ́. Oṣù yẹn kò parí tí wọ́n fi sin ín.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ọmọ mi bí obìnrin. Wọ́n sọ ọmọ náà ní Láàyìn. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, bàbá rẹ̀ ka ìtumọ̀ rẹ̀ síta láti orí fóònù: ó gba ọkọ rẹ̀ là lójú odò, ọkọ rẹ̀ yìn ín. Mo ti pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣáájú, mo sọ fún un pé irọ́ ni, pé èmi ni mo pa á. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mama, ó wà nínú ìwé. Ẹ ti gbàgbé ni.” Nígbà tí àwọn èèyàn ṣe àmín, èmi náà ṣe àmín.

Ayé ìgbà náà kọ́ ni ayé yìí. Nígbà náà, bí ẹnìkan bá ṣi ìtàn sọ, àgbà kan á wà ní kọ̀rọ̀ tí á wúkọ́, á ní, “Kò rí bẹ́ẹ̀.” Ní báyìí fóònù ló ń sọ ọ́, kò sì sí ẹni tí í wúkọ́ fún fóònù. Àwọn tí wọn ì bá wúkọ́ ti lọ tán. Èmi ni àgbà ilé wa báyìí. Èmi ni wọ́n ń wá bi, kò sì sí ẹni tí èmi lè bi.